Lẹ́yìn Fíríìdọ̀mù Ọ̀mọ̀wé

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń bi ọmọ wọn tó wà lókè òkun lórí fóònù: “Ṣé ìwé yẹn ò tíì parí ni?” Ọmọ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ti wọ aṣọ oyè ya fọ́tò, fọ́tò náà ti wà lára ògiri pálọ̀, àwọn ẹbí sì ti ń pè é ní Dókítà. Síbẹ̀, ó tún ní òun ń kó lọ sí yunifásítì mìíràn, ní ìlú mìíràn, fún ọdún méjì. Ó ní postdoc lorúkọ ohun tí òun ń lọ ṣe. Ìyá á ṣe àdúrà, á ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ ṣọ́ ọ bọ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, á máa rò ó pé: ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ló tún ń padà sílé ìwé yìí?

Kì í ṣe ilé ìwé ló ń lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Mushin, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro fún yín. Ọmọ iṣẹ́ á kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, á pé ọdún tí wọ́n dá fún un, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù fún un, ọtí ẹlẹ́rìndòdò á ṣàn, ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba fíríìdọ̀mù ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ gbowó. Níbẹ̀ ni yóò ti lo irinṣẹ́ tí kò sí lọ́dọ̀ ọ̀gá àkọ́kọ́, tí yóò sì rí irú ọkọ̀ tí kò tíì tú rí. Ohun tí postdoc jẹ́ gan-an nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Owó oṣù ló ń gbà, kì í san owó ilé ìwé fún ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti olùkọ́ yunifásítì ni pé ìwádìí ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á, iṣẹ́ rẹ̀ sì ní ọjọ́ tí yóò tán.

Nínú ìmọ̀ èròjà, ìyẹn ìmọ̀ tó ń yẹ inú ohun tí à ń fi ṣe nǹkan wò, irin, amọ̀, dígí, sìmẹ́ǹtì, ikùn bátìrì, ojú sólà, àwọn ọdún àárín méjì yìí ti bí iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń jẹ èrè rẹ̀ lónìí. Bátìrì ni ká fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní 1981, ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Michael Thackeray, gbéra láti CSIR, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Pretoria, ó lọ sí Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti gba PhD rẹ̀ ní Cape Town. Ọ̀gá tó lọ bá ni John Goodenough, ará Amẹ́ríkà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàwárí ní 1980 pé èròjà kan tó ní cobalt nínú lè gba lithium sínú, kó sì tún tú u sílẹ̀. Orí iṣẹ́ yẹn ni bátìrì fóònù wa dúró lé. Ṣùgbọ́n cobalt wọ́n, kò sì pọ̀.

Ohun mìíràn ni Thackeray gbé dání láti ilé. Ó fẹ́ ki lithium bọ inú spinel, irú òkúta kan tí inú rẹ̀ dì gírígírí bíi ti òkúta olówó iyebíye. Goodenough kò kọ́kọ́ gbà pé ó lè ṣeé ṣe. Lójú tirẹ̀, àyè wo ló kù níbẹ̀ tí nǹkan mìíràn fẹ́ gbà wọlé? Thackeray dán an wò pẹ̀lú òkúta irin dúdú tó ń fa irin mọ́ra bí òòfà. Lithium wọlé. Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti kọjú sí manganese, tó pọ̀ tó sì dínwó gidigidi ju cobalt lọ, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní 1983. Nígbà tí Nissan gbé Leaf, ọkọ̀ oníná rẹ̀, jáde ní 2010, bátìrì onímanganese ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà tó wá fún ìgbà díẹ̀, tí kò ní ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n, ló gbé èrò tí ọ̀gá ò gbà wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀gá gbà.

Ti Arumugam Manthiram tún yàtọ̀ sí èyí. Ó ti ń kọ́ni ní yunifásítì kan ní Madurai, lápá gúúsù Íńdíà, kó tó lọ bá Goodenough ní Oxford ní 1985 gẹ́gẹ́ bíi postdoc. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá kó lọ sí Yunifásítì Texas ní Austin, Manthiram bá a lọ. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe níbẹ̀ wà lára ohun tó la ọ̀nà fún bátìrì lithium tí wọ́n fi irin àti phosphate ṣe, èyí tí ẹgbẹ́ Goodenough tẹ ìwé lé lórí ní 1997. Ẹni tó bá ti ra bátìrì lithium sí ìnfátà ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, kó wo ara bátìrì náà dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó rí i tí wọ́n kọ LiFePO4 síbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí Goodenough gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, ẹni ọdún 97 ni. Manthiram ló bá a sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó gba ẹ̀bùn náà máa ń sọ ní Stockholm.

Kí wá ni postdoc ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Nínú láàbù bátìrì, àpótí ńlá kan sábà máa ń wà. Dígí ni iwájú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà dúdú méjì sì yọ níbẹ̀ bí apá ènìyàn. Afẹ́fẹ́ argon ló kún inú rẹ̀, nítorí pé lithium àti omi kì í bára wọn gbé. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ àpótí náà kì í sábà tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Òṣìṣẹ́ á ki apá méjèèjì bọ ìbọ̀wọ́ títí dé ìgúnpá. Á fi ẹ̀mú kékeré mú awẹ́ dúdú tó ti kùn ní àná, á tẹ́ awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa pààlà lé e, á kán omi bátìrì sí i, á wá gbé lithium tó ń dán yinrin lé gbogbo rẹ̀, á dé e pa. Ohun tó jáde kò ju kọ́ìnì lọ, mìlímítà 20 péré ní ìbú, irú bátìrì pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú rímóòtù ọkọ̀.

Á ṣe irú rẹ̀ bíi mélòó kan, á so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí wọn tó sì ń fa iná náà jáde, ìgbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ á kọjá, oṣù á kọjá. Bí agbára bátìrì bá ń yára rẹ̀yìn, wọ́n á tú u, wọ́n á fi X-ray yẹ èròjà inú rẹ̀ wò, wọ́n á wá ibi tó ti já, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ kọ́ ni ìròyìn ayọ̀ ń jáde nínú yàrá yẹn. Ẹni tí kò bá ní sùúrù adáhunṣe, ìyẹn ẹni tó lè dúró ti ìkòkò kan títí yóò fi hó, kò ní gbádùn iṣẹ́ náà.

Ibi tó ti ń dunni náà wà, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́ńtíráàkì ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló pọ̀ jù. Bí owó ìwádìí ọ̀gá bá tán, iṣẹ́ tán. Ẹni tó ní ọkọ tàbí aya, tó ní ọmọ ní ilé ìwé, á tún máa palẹ̀ ẹrù mọ́, á tún máa wá físà tuntun, á tún máa wá ilé. Ní 2010, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì àgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tó ṣírò ibi tí àwọn tó gba PhD sáyẹ́ǹsì ní orílẹ̀-èdè yẹn ń já sí. Nínú ẹgbẹ̀rún wọn, nǹkan bí 35 ló ń rí iṣẹ́ ìwádìí tó dúró ní yunifásítì. Àwọn tó ń di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹgbẹ̀rún yẹn kò pé 5. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ yìí gbọ́ iye yẹn kó tó gbé ẹsẹ̀, torí pé àwọn ọ̀gá kan kì í sọ ọ́.

Àwọn yòókù kì í ṣègbé o. Ilé-iṣẹ́ bátìrì ń gbà wọ́n, ilé-iṣẹ́ sólà ń gbà wọ́n, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ti ọkọ̀ òfurufú náà ń gbà wọ́n. Nínú ìmọ̀ èròjà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń wo inú irin kì í jókòó sílé pẹ́. Winston Wole Soboyejo, ọmọ Yorùbá, gba PhD ní Cambridge ní 1988, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú McDonnell Douglas ní Amẹ́ríkà ló sì kọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó yá ló padà sí yunifásítì, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Princeton, tó tún wá ṣe olórí African University of Science and Technology ní Abuja. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni asẹ́ omi tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun pákó, wọ́n á mọ ọ́n bí ìkòkò, wọ́n á sun ún. Iná á jó ìyẹ̀fun pákó dànù, àwọn ihò tíntìntín á kù sára amọ̀, omi á gba ibẹ̀ kọjá, kòkòrò àrùn á há sẹ́yìn. Amọ̀kòkò tó bá rí i ní Ìlọrin tàbí ní Ìsàn-Èkìtì á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Amọ̀ náà ló tún gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ká wa lára jù, ìyẹn sìmẹ́ǹtì. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wá láti ara ṣíṣe sìmẹ́ǹtì. Iná tí wọ́n ń dá nìkan kọ́ ló fà á. Òkúta limestone fúnra rẹ̀ ló gbé afẹ́fẹ́ yẹn pamọ́ sínú. Bí wọ́n bá ti yan án, ó tú jáde. Wọ́n sì ń yan án títí tí ooru fi ń dé ìwọ̀n Celsius 1,450 kí ó tó di clinker, kókó dúdú tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì.

Karen Scrivener, ọ̀jọ̀gbọ́n ní EPFL ní Lausanne, Switzerland, pẹ̀lú Fernando Martirena ní Yunifásítì Las Villas ní Santa Clara, Cuba, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Íńdíà, ló gbé ọ̀nà mìíràn dìde tí wọ́n pè ní LC3. Ìdajì péré ni clinker nínú rẹ̀. Ìdá 30 jẹ́ amọ̀ tí wọ́n yan ní ìwọ̀n bíi 700 sí 850, ìdá 15 jẹ́ limestone tí wọ́n kàn lọ̀ láì yan án, ìyókù jẹ́ gypsum. Kò nílò amọ̀ tó mọ́ lóló. Èyí tí àwọn amọ̀kòkò olówó ńlá kò ní fẹ́ náà tó o ṣe. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè dín afẹ́fẹ́ burúkú yẹn kù ní nǹkan bí ìdá 30 sí 40. Ní 2013, wọ́n dán an wò ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Siguaney ní Cuba, orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ilé tó nílò sì pọ̀.

Àwọn wo ló ń làágùn lórí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń wá owó, tó ń ro èrò. Àwọn tó ń gba PhD lọ́wọ́ àti àwọn postdoc ló ń po ó, tí wọ́n ń dà á sínú mọ́ọ̀dì onígun mẹ́rin, mìlímítà 160 ní gígùn, 40 ní ìbú, tí wọ́n ń rì í sómi, tí wọ́n sì ń dúró de ọjọ́ 28 kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ láti mọ agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n amọ̀ padà díẹ̀, ọjọ́ 28 mìíràn nìyẹn.

Ilẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí irú ìmọ̀ yìí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babatunde Babalola walẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù dígí àti ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ sí láàbù, wọ́n wo èròjà tó wà nínú wọn, wọ́n sì fi hàn ní 2018 pé àwọn ará Ifẹ̀ ló ń fi èròjà àdúgbò wọn ṣe dígí ara wọn, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ìgbà tí iṣẹ́ náà jáde, Babalola ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD ní Yunifásítì Rice ní Texas ni, ó wà ní Harvard gẹ́gẹ́ bí aṣèwádìí fún ìgbà díẹ̀. Ọdún àárín méjì náà tún nìyẹn. Ká ní wọ́n ti gbé ọ̀gọ̀rọ̀ kíláàsì lé e lórí lọ́jọ́ tó gba oyè, ìgbà wo ni ì bá ráyè jókòó ti ìlẹ̀kẹ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ilé wa ti ń ṣe àṣìṣe. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tó ń gba PhD ti jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kíláàsì ló ń lé e, ìwé ìdánwò ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń máàkì. Bó bá gboyè tán, wọ́n á gbé e sókè ní ipò, wọ́n á tún fi kíláàsì kún un. Àtẹ̀gùn tó yẹ kó wà láàárín, níbi tí ènìyàn á ti fi ọdún méjì ṣe ìwádìí nìkan, kí owó oṣù sì máa wọlé, kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ọmọ wa fi ń wá a lọ sí Gúúsù Áfíríkà, Íńdíà, Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà. Ẹ̀bi wọn kọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ lọ, ọ̀nà wà, wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà. Àjọ European Union ní ètò kan tó ń jẹ́ Marie Skłodowska-Curie, tó ń gba ẹni tó ti gba PhD, tí ìrírí ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn oyè náà kò ju ọdún 8 lọ. Kò gbọ́dọ̀ ti gbé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Humboldt ní Jámánì àti JSPS ní Japan náà ń gba àwọn ará òkèèrè. TWAS, ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì tí Abdus Salam ará Pakistan dá sílẹ̀ ní Trieste ní 1983, ń rán ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà kan lọ sí láàbù òmíràn.

Kí ènìyàn tó kọ fọ́ọ̀mù ètò bí ìwọ̀nyí, ó gbọ́dọ̀ ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbà láti gbà á sí láàbù. Nídìí lẹ́tà tí a kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Lẹ́tà tó ń sọ pé “òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí, mo sì bẹ̀rù Ọlọ́run”, tí wọ́n fi ṣọwọ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rí èsì. Èyí tó máa rí èsì kì í ju ojú ìwé kan lọ: mo ka iṣẹ́ yín báyìí, ibi báyìí ni mo rí i pé ó kù, ohun tí mo ti ṣe tó jọ ọ́ nìyí, ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́dọ̀ yín nìyí. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti gba láàbù yẹn kọjá bí ọ̀gá náà ṣe rí àti ibi tí àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó san owó kí wọ́n tó fún un ní ipò postdoc, jìbìtì ni. Kó má san án.

Àmọ́ gbogbo ènìyàn kò lè lọ, kò sì yẹ kí gbogbo ènìyàn lọ. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Àwọn mìíràn ti dìde lẹ́yìn rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, owó sì ń wọlé fún wọn. Yunifásítì Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ èròjà. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwádìí kan ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé èròjà nìkan ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. À ń bẹ àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí àti àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn: ẹ gba ọ̀mọ̀wé méjì-méjì fún ọdún méjì-méjì, ẹ san owó oṣù wọn déédéé, ẹ jẹ́ kí iná dúró ní láàbù wọn, ẹ má sì kó kíláàsì lé wọn lórí. Kí èyí àkọ́kọ́ lára wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì alámọ̀. Amọ̀ wà ní Ìsàn-Èkìtì, limestone wà ní Ewékorò.